Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awolíyì (1910–1971), Ìyá Àbíyè ìlú Èkó

Nínú ìtàn ìgbésí-ayé àwọn ènìyàn ńlá tí ẹgbẹ́ wa ń kó jọ, ti àwọn ọba, àwọn jagunjagun àti àwọn babaláwo ló pọ̀ jù. Ti àwọn tó ń gbẹ̀bí kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọba àti jagunjagun pẹ̀lú, ọwọ́ agbẹ̀bí ni wọ́n gbà wá sáyé. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ ìtàn Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awolíyì níbí. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ìṣègùn òyìnbó ní Nàìjíríà, òun sì ni Ọba Èkó fi oyè Ìyá Àbíyè dá lọ́lá.

Èkó jìnnà sí Djaloukou, ààlà orílẹ̀-èdè sì wà láàárín wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn amúnisìn tiwọn sọ, Faransé ni tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí obìnrin yìí bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ kò mọ ààlà. Ní ayé ìjọba àwọn òyìnbó, àwọ̀ ara ni wọ́n fi ń pín ipò fún dókítà, òun ni wọ́n fi ń pín owó oṣù, òun náà ni wọ́n fi ń pín ilé ìwòsàn tí aláboyún lè wọ̀. Ìtàn Dókítà Awolíyì jẹ́ ti ẹni tó wọ irú ètò bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó dé òkè rẹ̀, tí kò sì fi àwọn ìyá àdúgbò sílẹ̀.

Ìbí àti ìdílé rẹ̀

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1910. David Evaristo Akérele ni bàbá rẹ̀, Rufina sì ni ìyá rẹ̀. Fún ẹni tó bá mọ ìtàn, Evaristo àti Rufina ti tó láti sọ irú ilé tó ti wá. Ilé Àgùdà ni.

Àwọn Àgùdà ni àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn tàbí àwọn ọmọ wọn gba òmìnira, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi padà sí etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n tẹ̀dó sí Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́ tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, sí Ouidah àti sí Agoué. Nítorí náà, ẹni tó bá ti rìn kiri ní àdúgbò àwọn Àgùdà ní Àjàṣẹ́ kò lè ṣe àjèjì ní àdúgbò Campos ní Èkó. Ìlànà ilé kan náà ni yóò rí, orúkọ ìdílé kan náà ni yóò sì máa gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni a fi mọ àwọn Àgùdà, pàápàá ilé kíkọ́, iṣẹ́ káfíńtà àti aṣọ rírán. Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, débi pé títí di òní, tí Yorùbá bá ní ìjọ Àgùdà, ìjọ Kátólíìkì ló ń sọ.

Ilé bẹ́ẹ̀ ni Abímbọ́lá ti jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé Kátólíìkì ti Saint Mary ní Èkó, lẹ́yìn náà ó lọ sí Queen's College, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọbìnrin tí ìjọba ṣí ní ọdún 1927. Ní àkókò yẹn, ọmọbìnrin tó bá kàwé tán, iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni gbogbo ayé ń retí pé kí ó ṣe. Kò sí obìnrin kankan ní Nàìjíríà tó ń ṣe iṣẹ́ dókítà tí ó lè fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n fi àwọ̀ dí

Kí a tó tẹ̀ lé e dé òkè òkun, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ dókítà ṣe rí fún ọmọ adúláwọ̀ nígbà náà. Àwọn dókítà Yorùbá ti wà kí ọdún 1900 tó dé. Ọ̀kan nínú wọn ni Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Sierra Leone. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní 1896, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1928. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo dókítà ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sábẹ́ ètò kan ṣoṣo, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin ètò náà pé ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Àwọn adúláwọ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Ìwé-ẹ̀rí kan náà ni wọ́n gbà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Edinburgh pẹ̀lú àwọn òyìnbó, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe, ṣùgbọ́n owó wọn kò tó ti ẹgbẹ́ wọn, wọn kò sì lè di ọ̀gá lórí òyìnbó kankan.

Nígbà tó yá, ìjọba ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan sí Yábà, lẹ́bàá Èkó, ní ọdún 1930. Ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà láti jẹ́.

Àwa tí a jẹ́ ọmọ Dahomey àtijọ́ kò gbọdọ̀ rò pé ìwà àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan nìyí. Ní 1918 ni ìjọba Faransé dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Dakar fún gbogbo àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ń kọ́ dókítà níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní iṣẹ́ agbẹ̀bí, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Dahomey sì kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jáde gẹ́gẹ́ bí dókítà, igbákejì ni orúkọ oyè rẹ̀ ń jẹ́. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò fún un láyè láti tọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Faransé. Yábà àti Dakar, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí adúláwọ̀ lè gbà ní ìwé-ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú tín-ín-rín ni pé kí ó kọjá òkun, kí ó sì lọ gbà á níbi tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń gba tiwọn.

Yéwándé Savage, ẹni tó ṣáájú

Obìnrin kan ti la ọ̀nà yìí kọjá kí Abímbọ́lá tó dé e, ìtàn rẹ̀ sì fi hàn pé ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó. Agnes Yéwándé Savage ni orúkọ rẹ̀. Edinburgh ni wọ́n ti bí i ní 1906. Dókítà ni bàbá rẹ̀, Richard Akínwándé Savage, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Èkó, ọmọ ilẹ̀ Scotland sì ni ìyá rẹ̀. Yéwándé gba oyè dókítà ní yunifásítì Edinburgh ní 1929, pẹ̀lú ipò àkọ́kọ́ àti ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún obìnrin tó bá mókè jù nínú àwọn tó jáde lọ́dún náà. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó di dókítà.

Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, ni ìjọba gbà á sí ní 1930. Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ rẹ̀, ipò kékeré ni wọ́n fi í sí, owó oṣù rẹ̀ kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n sì fi í wọ̀ sí. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ àti dókítà ní ilé-ẹ̀kọ́ Achimota. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà bá a jà títí ìjọba fi gbà á padà sí ipò tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà náà ni wọ́n fi ìtọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ àti apá ìgbẹ̀bí sí ìkáwọ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Korle Bu ní Accra. Ó sì bójú tó bí wọ́n ṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì ní 1947, ó padà sí Scotland, ó sì kú ní 1964.

A ní láti rántí Yéwándé kí a tó lè mọ ohun tí Abímbọ́lá Akérele ń kó wọ̀ nígbà tó fi Èkó sílẹ̀.

Dublin

Kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ló lọ, Dublin ní ilẹ̀ Ireland ni. Níbẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó sì jáde ní 1938. Ó gba ipò àkọ́kọ́, ó gba àmì-ẹ̀yẹ nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì ta yọ nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Dublin fún ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn Yéwándé Savage, òun ni obìnrin kejì láti agbègbè wa tó di dókítà.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó tún gba ìwé-ẹ̀rí nínú ìtọ́jú ọmọdé, nígbà tó sì yá ó gba ti ìgbẹ̀bí àti àrùn àwọn obìnrin. Ìyá àti ọmọ ló yàn láti fi ọgbọ́n rẹ̀ tọ́jú.

Ó padà wálé. Ó fẹ́ Dókítà S. O. Awolíyì, oníṣègùn bíi tirẹ̀, wọ́n sì bí ọmọ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Orúkọ ọkọ yìí ni gbogbo Èkó fi wá mọ̀ ọ́n.

Ní Massey Street

Ilé ìwòsàn Massey Street, ní erékùṣù Èkó, ni ìjọba fi í sí. Àárín àwọn ará ìlú gan-an ni ilé ìwòsàn yìí wà, àwọn ìyá àti ọmọ wọn ló sì ń kún ibẹ̀. Ipò dókítà kékeré ni wọ́n gbà á sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe ti kékeré.

Ní Èkó ayé ìgbà náà, ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó wà lọ́tọ̀, ti àwọn adúláwọ̀ sì wà lọ́tọ̀. Aya òyìnbó tó bá fẹ́ bímọ mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà. Ìyàwó ọmọ Èkó tí ìrọbí bá mú kò lè wọ ibẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀bá ilé rẹ̀ ló wà. Ọdún 1947 ni ọ̀rọ̀ yìí tó bú jáde gbangba, ó sì jẹ́ pé ìlérò ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivor Cummings, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, wá sí Èkó láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì kọ̀ láti gbà á sí òtẹ́ẹ̀lì Bristol nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìlú gbóná. Lẹ́yìn èyí ni gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ dópin ní àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń lò, títí kan ilé ìwòsàn. Bí a bá kà á láti 1938, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tí Dókítà Awolíyì fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú tí àwọ̀ ti ń yan bẹ́ẹ̀dì fún aláboyún.

Kí ló ń pa àwọn ìyá nígbà náà? Ohun kan náà tó ń pa wọ́n ní abúlé wa títí di òní ni. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí, pàápàá nígbà tí ibi ọmọ kò bá tètè jáde. Gìrì aboyún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà ní ìgbẹ̀yìn oyún. Ibà àti kíkẹ̀ inú lẹ́yìn ìbí. Ọmọ tó dábùú, tàbí tí orí rẹ̀ kò lè gba ọ̀nà kọjá, tí ìrọbí sì ń wọ ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Kò sí èyí tí kò ní ìtọ́jú nínú gbogbo wọn, tí ìyá bá tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí pé kí ó tètè dé.

Ohun méjì ló sì ń dá ìyá dúró. Èkíní ni ọ̀nà àti owó. Èkejì ni ìfọkàntán, òun ló sì nira jù láti fi owó rà. Ilé ìwòsàn jẹ́ ti ìjọba àwọn òyìnbó, ìjọba tó ń gba owó orí, tó sì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Èdè tí obìnrin kò gbọ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò mọ ibẹ̀, agbẹ̀bí àdúgbò kò sì rán an lọ síbẹ̀. Ta ni yóò fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní wákàtí tí ara ò lágbára rárá? Nígbà tí ó bá wá di pé dókítà tó jókòó sí Massey Street jẹ́ obìnrin, ọmọ Èkó, tó ń sọ Yorùbá, tí a mọ ilé bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Aláboyún lè ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún láìsí ògbufọ̀, kò sì ní láti bo ara rẹ̀ lójú ọkùnrin àjèjì.

Iṣẹ́ yìí ló ṣe fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Láti dókítà kékeré, ó di àgbà onímọ̀ nípa ìgbẹ̀bí àti àrùn obìnrin. Ní ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà àti Dahomey gba òmìnira, ó di olùdarí ilé ìwòsàn Massey Street pátápátá. Ní 1962, ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ yàn án sí ipò àgbà onímọ̀. Ó wà ní ipò olùdarí títí di 1969.

Oyè Ìyá Àbíyè

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wọn tí wọ́n ń pè ní MBE. Ìjọba Nàìjíríà fún un ní OFR. Aláàfin fi í jẹ Ìyálájé ní Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n oyè tí ó yẹ kí àwa tí a ń tọ́jú ìṣẹ̀ǹbáyé Yorùbá dúró lé lórí ni èyí tí Ọba Adéníji Adélé Kejì, Ọba Èkó láti 1949 sí 1964, fún un. Ìyá Àbíyè ni.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà. Bíbí yàtọ̀, yíyè sì yàtọ̀. Ènìyàn lè bí kí ìyá má yè, ó sì lè bí kí ọmọ má yè. Àwọn baba wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so méjèèjì pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Àbíyè ni pé kí a bí, kí ìyá àti ọmọ sì wà láàyè. Òun kan náà ni a ń gbàdúrà fún nígbà tí a bá ń sọ fún aláboyún pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ. Nínú ìṣègùn ìbílẹ̀, àbíyè ní ewé tirẹ̀, ó ní àgbo tirẹ̀, ó sì ní àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n.

Fún idi èyí, oyè náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ọba fi orúkọ tí ó ti jẹ́ ti àwọn àgbà obìnrin àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ lé orí obìnrin tó kàwé ní Dublin. Ó ń sọ fún ìlú pé ohun tí obìnrin yìí ń ṣe ní Massey Street àti ohun tí àwọn ìyá wa ti ń wá láti ayébáyé, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹni tó ń ṣiyèméjì bóyá kí ó gbé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ ọba bẹ́ẹ̀ lè wúwo ju ìwé-ẹ̀rí márùn-ún lọ.

Láti ilé ìwòsàn dé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin

Dókítà Awolíyì kò dúró sí Massey Street kí àwọn obìnrin máa wá bá a nìkan. Ó wà nínú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kó ara wọn jọ sí. Ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ YWCA ní Èkó, ó ṣe olórí ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross, ó sì ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣòwò àti oníṣẹ́ ìmọ̀. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé àwọn ọmọ tí kò ní ìyá. Ẹ wo bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe so pọ̀ mọ́ra. Ní apá kan, ó ń ṣiṣẹ́ kí ìyá má bàa kú lórí ìkúnlẹ̀. Ní apá kejì, ó ń tọ́jú ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò sí mọ́.

Ní ọdún 1964, wọ́n yàn án ní ààrẹ àpapọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní Nàìjíríà. Kòfówórọlá Adémọ́lá, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gboyè ní yunifásítì Oxford, ló wà lórí àga náà ṣáájú rẹ̀. Dókítà Awolíyì wà lórí rẹ̀ títí ó fi kú, èyí tó túmọ̀ sí pé òun ló dìí mú la àwọn ọdún ogun abẹ́lé já, láti 1967 sí 1970. Àárín àwọn ọdún yẹn náà ni ọ̀rọ̀ fífi ètò sí ọmọ bíbí di ohun tí àwọn obìnrin ń sọ ní gbangba ní Èkó, ó sì wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú fún un dìde. Dókítà ìgbẹ̀bí mọ ohun tí oyún tó tẹ̀ léra wọn kíákíá máa ń ṣe sí ara ìyá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín, ilé ọmọ rẹ̀ á rẹ̀, ìbí tó ń bọ̀ á sì léwu ju èyí tó kọjá lọ.

Àǹfààní ńlá ló wà nínú kí dókítà wà nínú ẹgbẹ́. Ìpàdé àwọn obìnrin dé ibi tí dókítà kan ṣoṣo kò lè dé láé. Ìyálọ́jà, ìyá ìjọ, olùkọ́ àti aránṣọ jókòó pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ dé ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì dé ẹ̀yìn agbada tí ẹnikẹ́ni kì í gbé ìwé ìjọba dé. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wá lónìí, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn àdúgbò láti máa lọ láti ilé dé ilé, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Yorùbá ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́.

Kò gbàgbé òwò ṣíṣe pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá tòótọ́. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé ìtajà oògùn kan ní Èkó. Ó sì ní oko éékà 27 lẹ́bàá Agége, níbi tó ti ń sin adìẹ tó sì ń gbin ọsàn.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awolíyì kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971. Ọdún méjì péré ni ó fi kúrò ní ipò olùdarí Massey Street, àga ààrẹ àwọn obìnrin sì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ní erékùṣù Èkó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Massey Street náà wá di ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé.

Ohun tí ìtàn yìí kàn wá sí

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti parí nígbà tí àwọn òyìnbó lọ. Kò parí, ó kàn kó lọ sí ibòmíràn ni. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà àti ní Britain ń gbé nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ọmọ tí àwọn aláwọ̀ funfun bí láàyè, bíi ìyá 14.5 ló kú. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, 50.3 ni, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ní Britain, iye àwọn ìyá dúdú tó ń kú ju ìlọ́po méjì ti funfun lọ. Orílẹ̀-èdè wọ̀nyí kò ṣàìní dókítà, wọn kò sì ṣàìní ẹ̀rọ. Ohun tí àwọn ìyá dúdú ibẹ̀ ń sọ léraléra ni pé wọ́n ṣàlàyé ìrora wọn, wọn kò sì rí ẹni tó gbà wọ́n gbọ́. Ní 2019, àwọn ìyá dúdú méjì ní Britain dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Five X More, láti máa kọ́ àwọn aláboyún bí wọ́n ṣe lè sọ̀rọ̀ sókè fún ara wọn ní ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ka ìtàn Massey Street yóò mọ̀ pé ìfọkàntán kan náà ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ àbíyè náà kò kú. Ní 2009, ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aláboyún ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, wọ́n sì pè é ní Àbíyè. Wọ́n pín àwọn aláboyún fún òṣìṣẹ́ ìlera, òṣìṣẹ́ yìí ń tọ̀ wọ́n lọ sílé, wọ́n sì fún àwọn aláboyún ní fóònù láti pè é nígbà tí ìrọbí bá mú. Ní 2009 kan náà ni ìjọba Benin tiwa sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn. Ìyẹn mú owó kúrò lọ́nà. Ọ̀nà jíjìn láti abúlé dé ilé ìwòsàn ńlá ṣì wà níbẹ̀, ìfọkàntán sì ń fẹ́ iṣẹ́ ní ojoojúmọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùwádìí, a ní nǹkan kan láti bẹ̀ yín fún. Orúkọ Dókítà Awolíyì wà nínú ìwé, kò sì ní sọnù. Ṣùgbọ́n ní Djaloukou, ní Savalou, ní Bantè àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká, àwọn àgbà obìnrin wà tí wọ́n gba ẹ̀bí ọgọ́rùn-ún ọmọ, tí kò sí ìwé kankan tó dárúkọ wọn. Àwọn mìíràn ti kú, àwọn mìíràn ń darúgbó lọ. Àwọn agbẹ̀bí àkọ́kọ́ tó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé agbègbè wa náà wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá yín léèrè ta ló gbẹ̀bí wọn, àti ta ló gbẹ̀bí ẹ̀yin náà. Ẹ bi wọ́n léèrè ewé tí wọ́n lò, ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, àti ìgbà tí wọ́n máa ń pinnu pé kí wọ́n gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn. Tí ẹbí bá fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Àwọn náà ni ìyá àbíyè ilẹ̀ wa, ibi tí a kọ orúkọ Dókítà Awolíyì sí ni a ó kọ tiwọn sí.